Abẹ́ Tírélà Ń Dún: Iṣẹ́ Wo Lẹ Lè Fọwọ́ Ara Yín Ṣe, Èwo Ni Kẹ́ ẹ Gbé Lọ Bá Ọ̀gá?

Kẹ́ ẹ tó gbé sípánà sábẹ́ ọkọ̀, ẹ bi ara yín ní ohun kan: bí mo bá tú nọ́ọ̀tì yìí, ṣé ákísùlù, irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, á ṣì dúró síbi tó wà? Bó bá máa dúró, iṣẹ́ náà ṣeé ṣe ní yáàdì yín. Dẹ́rẹ́bà tó mọṣẹ́ àti mọ́tòbọ́ọ̀yì kan lè parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Bí kò bá ní dúró, iṣẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì ni, kódà bó jẹ́ nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ló ń fi iye owó pinnu, tàbí bí irin ṣe tóbi tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í, torí ṣọ́ọ̀kì, tó ń dín bí ọkọ̀ ṣe ń fò lórí kòtò kù, tóbi, ó sì wúwo, síbẹ̀ ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Sẹ́ńtà bóòtì, tó gba àárín àwọn ewé sípíríǹgì kọjá, kò ju ìka ọwọ́ lọ, àmọ́ òun ló mú ákísùlù dúró lójú kan.

Àwọn ọkọ̀ tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn sí Ìlọrin là ń bá wí níbí: Howo, MAN, DAF, Mack, àti tírélà tí wọ́n ń fà. Ewé sípíríǹgì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, ló wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tòkunbọ̀ kan láti Yúróòpù ní éàbáàgì, àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, lẹ́yìn, a ó dé ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò

Àyẹ̀wò kò ná yín lówó, kò sì gba pé kẹ́ ẹ tú ohunkóhun. Ẹ gbé ọkọ̀ tí kò lẹ́rù sórí ilẹ̀ títẹ́jú tó le, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi igi há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì onírin, téèpù àti irin gígùn kan. Ẹ gbo ẹrẹ̀ kúrò lára sípíríǹgì, torí pé abẹ́ ẹrẹ̀ ni ibi tó sán máa ń fara pa mọ́ sí.

Ara yúbóòtì, bóòtì tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U tó di sípíríǹgì mọ́ ákísùlù, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí eruku pupa tó kúnná bí àtíkè láàárín sípíríǹgì àti ìjókòó rẹ̀ lórí ákísùlù, tàbí tí irin ń dán yinrin níbi tó yẹ kó ti dúdú, yúbóòtì yẹn ti dẹ̀. Irin tó ń gbo irin ló ń lọ̀ ara rẹ̀ di eruku. Ẹ wá wo ewé kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́: èyí tó kán sábà máa ń yọrí síta díẹ̀ láàárín àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà, ẹ ki irin gígùn bọ abẹ́ ojú sípíríǹgì (orí ewé tó ká bí òrùka) lẹ́bàá píìnì ṣákùlù tó so ó mọ́ ara ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e. Bó bá mì ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ, búúṣì, òrùka tó yí píìnì ká nínú ojú yẹn, ti jẹ.

Ti ṣọ́ọ̀kì rọrùn. Bí òróró bá kàn rin ín díẹ̀ tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì burú. Bó bá ń kán sílẹ̀, ó ti kú. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà gbágungbàgun dé, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣọ́ra. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ á ti gbóná. Èyí tó tutù láàárín wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan.

Láti mọ̀ bóyá ákísùlù tírélà tò dáadáa, ẹ na téèpù láti kíńpíìnì (irin tó so tírélà mọ́ orí ọkọ̀ tó ń fà á) dé orí ákísùlù àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ tún wọn tòsì. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju mílímítà 3 lọ. Láti ákísùlù kan sí èkejì, mílímítà 1.5 ni. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tírélà á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́, táyà á sì máa jẹ ní apá kan. Ẹ̀yin lè wọ̀n ọ́n, àmọ́ ọ̀gá ni kó tò ó.

Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìlànà àyẹ̀wò ojú ọ̀nà ti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CVSA kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kúrò lójú kan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ewé sípíríǹgì kan bá ti kán, bí mẹ́ènì, ìyẹn ewé tó ní ojú, bá kán, tàbí bí yúbóòtì bá dẹ̀ tàbí sán. Ẹ fi ṣe òdiwọ̀n tiyín náà. Ọ̀nà wa kò dán ju tiwọn lọ.

Ibi tó ti kán á sọ ohun tó ṣẹ́ ẹ

Ibí yìí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò, torí wọ́n á pààrọ̀ ewé tó kán, wọ́n á fi ohun tó kán an sílẹ̀, oṣù méjì kò sì ní pé tí òmíràn á tún fi kán.

Bí ewé bá kán gẹ́lẹ́ níbi ihò sẹ́ńtà bóòtì, yúbóòtì ló ti dẹ̀ kó tó kán. Iṣẹ́ yúbóòtì ni láti di àárín sípíríǹgì mú pinpin kó má baà tẹ̀ níbẹ̀ rárá. Bó bá dẹ̀, àárín náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ihò yẹn ni irin sì ti tín-ín-rín jù. Kì í ṣe àbùkù ewé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó tà á.

Bó bá kán ní ìta, lẹ́bàá etí yúbóòtì, ẹ wo ẹrù yín: àpọ̀jù ẹrù àti eré lórí kòtò ló sábà máa ń fà á. Bó bá kán lẹ́bàá ojú ewé, ẹ wo píìnì àti búúṣì. Píìnì tí kò rí gírísì á gan, kò ní jẹ́ kí ojú ewé yí bó ṣe yẹ, mẹ́ènì á sì máa lọ́ níbi tí kò yẹ kó ti lọ́.

Bó bá jẹ́ pé apá kan náà ló ń kán nígbà gbogbo, ẹ má ra sípíríǹgì mìíràn kẹ́ ẹ tó wọn ṣáásì, ìyẹn egungun ọkọ̀. Ó lè ti wọ́, tàbí kó jẹ́ pé sípíríǹgì apá kejì le jù ú lọ tí ẹrù kò sì pín dọ́gba. Bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù sí i náà ń dá kún un: típà tó máa ń gba yanrìn láti apá kan ṣoṣo á máa jẹ sípíríǹgì apá yẹn.

Èyí tẹ́ ẹ lè ṣe ní yáàdì

Gírísì ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ píìnì ṣákùlù ló ní nípùlù, ẹnu kékeré tí gírísì ń gbà wọlé. Ẹ nu nípùlù náà kẹ́ ẹ tó fi ìbọn gírísì lé e, kẹ́ ẹ má baà ti iyanrìn wọlé. Ẹ máa fún un títí gírísì tuntun á fi yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan péré, iṣẹ́ náà kò tíì parí: ẹ fi jáàkì gbé ṣáásì díẹ̀ kí ìwúwo lè kúrò lórí píìnì, táyà á ṣì wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ tún un fún. Bí kò bá wọlé síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ nípùlù. Bó bá ṣì kọ̀, ojú ọ̀nà gírísì inú píìnì ti dí, ó sì di kí wọ́n yọ píìnì. Yíyọ píìnì ti di iṣẹ́ ọ̀gá. Ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà ẹrẹ̀ yẹ kó gba gírísì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Fún ṣọ́ọ̀kì, ẹ ra méjì, torí apá méjèèjì ákísùlù kan náà la máa ń pààrọ̀ pọ̀. Ẹ gbé àtijọ́ àti tuntun síra kẹ́ ẹ wo gígùn wọn nígbà tí wọ́n bá nà tán àti nígbà tí wọ́n bá sún tán. Èyí tó kúrú ju bó ṣe yẹ á máa fà ya, èyí tó gùn jù á máa gún ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ da òróró atúpẹtà sí nọ́ọ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àárọ̀, ẹ tú ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró lórí táyà rẹ̀. Kò sídìí fún jáàkì lábẹ́ ọkọ̀ elewé. Kẹ́ ẹ tó de tuntun, ẹ nà án ró, ẹ fà á sókè kẹ́ ẹ tì í wálẹ̀ nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Bí kò bá jáde, ṣọ́ọ̀kì tuntun á máa dún kò-kò-kò bí èyí tó ti kú, ẹ ó sì rò pé wọ́n tà yín ní ayédèrú. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ní gíga rẹ̀ gangan ni kẹ́ ẹ tó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ tán, kí rọ́bà búúṣì má baà lọ́.

Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ eléàbáàgì, ẹ má tú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ nígbà tí ṣáásì bá wà lókè lórí jáàkì. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ṣọ́ọ̀kì yẹn ni kì í jẹ́ kí ákísùlù já wálẹ̀ kó sì fa báàgì ya.

Wíwá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò náà wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kún, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi omi ọṣẹ pa ara báàgì, orí páìpù àti fáàfù tó ń ṣètò bí ọkọ̀ ṣe ga tó. Ibi tó bá ń hó ni. Páìpù tàbí orí páìpù tó ń jò, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tú afẹ́fẹ́ dànù tán tẹ́ ẹ sì ti gbé ṣáásì lé sítáǹdì, irin ẹlẹ́sẹ̀ tó ń gbé ọkọ̀ dúró, torí ṣáásì á sọ̀ kalẹ̀ bí báàgì bá ti sófo. Ẹ má ki ọwọ́ tàbí orí sáàárín ṣáásì àti táyà nígbà yẹn. Ẹ má sì fẹ́ atẹ́gùn sínú báàgì tí kò tíì ní bóòtì lókè àti nísàlẹ̀ láé. Ó lè bẹ́, kó sì pa ẹni tó wà nítòsí.

Fífún yúbóòtì tó dẹ̀ díẹ̀ kò burú fún yín, torí ẹ kò tú nǹkan kan, bẹ́ ẹ bá ní sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń fi bí ẹ ṣe fún bóòtì le tó hàn ní ìwọ̀n Nm. Ẹ má fi páìpù díwọ̀n. Ẹ wo ìdí rẹ̀: bí ẹni tó wọn kílò 60 bá fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ orí páìpù tó gùn ní mítà kan, nǹkan bíi 590 Nm ló fi fún un. Ẹni kílò 90 lórí páìpù kan náà, ó sún mọ́ 880 Nm. Ọ̀kan lè jẹ́ kó dẹ̀, èkejì lè fa yúbóòtì gùn kọjá agbára rẹ̀. Iye tó tọ́ wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, bí bóòtì ṣe nípọn tó ló sì ń yí i padà. Ẹ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdábùú, láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, ní ìpele mẹ́ta, kẹ́ ẹ má fún ọ̀kan tán kẹ́ ẹ tó kan èkejì.

Èyí tí ọwọ́ yín kò gbọ́dọ̀ kàn

Pípààrọ̀ ewé tàbí sípíríǹgì odindi, sẹ́ńtà bóòtì, yúbóòtì, píìnì ṣákùlù, tọ́ọ̀kì rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ákísùlù rọ́ síwá sẹ́yìn), bálánsì ṣáàfùtì ẹ̀yìn Howo (irin tó gbé sípíríǹgì ẹ̀yìn ró), àti ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ ákísùlù iwájú: gbogbo wọn ló mú ákísùlù dúró. Sípíríǹgì ẹ̀yìn lódindi lè ju kílò 100 lọ. Bó bá yọ lọ́wọ́ ẹni méjì, ẹsẹ̀ ló máa ń bọ́ lé. Búúṣì tọ́ọ̀kì rọ́ọ̀dù ń fẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀. Ẹni tó bá fi òòlù lù ú wọlé ti ba á jẹ́ kí ọkọ̀ tó rìn, á sì mọ̀ ọ́n nígbà tí ákísùlù bá ń rọ́ síwá sẹ́yìn nígbàkígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì.

Ákísùlù iwájú tún ní àṣírí tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ọkọ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín sípíríǹgì àti ákísùlù tó nípọn lápá kan tó tín-ín-rín lápá kejì. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, tàbí tí wọ́n yí orí rẹ̀ padà sẹ́yìn, sítíárìn á máa fà kiri, kò sì ní fẹ́ padà sójú ọ̀nà tààrà lẹ́yìn kọ́nà.

Ewu mìíràn tó tún wà lábẹ́ ọkọ̀ ni ti búsítà bíréèkì ẹ̀yìn, agolo afẹ́fẹ́ tó ń mú bíréèkì ṣiṣẹ́. Sípíríǹgì alágbára kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá tú ìdè rẹ̀ lè kú níbẹ̀.

Àwọn ìwà méjì kan wà tó wọ́pọ̀ tá a fẹ́ kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú wọn pátápátá. Àkọ́kọ́ ni jíjó ewé tó kán, ìyẹn fífi iná wẹ́dà so ó pọ̀. Irin sípíríǹgì kì í ṣe irin lásán. Wọ́n mú un gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 850 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, wọ́n rì í sínú òróró, wọ́n tún mú un gbóná níwọ̀nba kó lè máa tẹ̀ kó sì máa padà bọ̀ sípò. Iná wẹ́dà á ba gbogbo iṣẹ́ yẹn jẹ́ lójú kan ṣoṣo: ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó á le gan-an, kò sì ní tẹ̀ mọ́, á kàn ṣẹ́ ni. Kí wẹ́dà má ṣe fi iná gé yúbóòtì tó ti gan nítòsí ewé náà. Tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ agbépo, iná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá, kódà tó bá sófo, torí èéfín bẹntiróòlù tó kù nínú táǹkì òfo lè gbiná.

Èkejì ni fífi ewé kún sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè gbé ẹrù sí i. Ẹrù tó lé yẹn kò lọ síbì kankan. Ákísùlù, táyà, bíréèkì àti ṣáásì ló ń gbé e, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tẹ́ ẹ fi nǹkan kún. Yúbóòtì àtijọ́ á tún kúrú, eyín bóòtì kò ní yọ lórí nọ́ọ̀tì tó bó ṣe yẹ. Ó yẹ kó yọ tó eyín méjì tàbí mẹ́ta ó kéré tán.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra pátì fúnra yín

Ìyẹn gan-an ni ibi tẹ́ ẹ ti lè dín owó kù láìfọwọ́ kan ákísùlù. Yálà Ládípọ̀ ní Mushin lẹ ń lọ tàbí Àràrọmí ní Agódi Gate n'Ìbàdàn, ẹ mú ìwọ̀n dání: fífẹ̀ ewé, nínípọn rẹ̀, fífẹ̀ ihò ojú, àti gígùn láti sẹ́ńtà bóòtì dé ojú iwájú, kẹ́ ẹ tún wọn dé ojú ẹ̀yìn. Méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Ewé tí wọ́n fi orí rẹ̀ sí ẹ̀yìn á ti ákísùlù síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ẹ má fojú wọn nínípọn. Líle ewé ń bá nínípọn rẹ̀ tí wọ́n fi ara rẹ̀ lọ́po lọ (nínípọn × nínípọn × nínípọn): ewé mílímítà 12 fi nǹkan bí ìdá 73 nínú 100 le ju ti mílímítà 10 lọ, bí fífẹ̀ àti gígùn wọn bá dọ́gba. Mílímítà méjì péré nìyẹn, kò sì ní pẹ́ tí ọkọ̀ á fi dà sí apá kan. Ewé tòkunbọ̀ tó tọ́ láìsán lè ṣiṣẹ́, bẹ́ ẹ bá rí méjì tó bára mu. Yúbóòtì tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ má rà. Ó ti nà lẹ́ẹ̀kan, kì í nà lẹ́ẹ̀kejì bó ti yẹ.

Ọ̀gá wo?

Ẹ bi í ní ìbéèrè mélòó kan kẹ́ ẹ tó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ṣé yúbóòtì tuntun lo máa lò? Ṣé o ní sípánà tọ́ọ̀kì? Ṣé ilẹ̀ rẹ jẹ́ kọnkéré? Bó bá ní òun máa ń lo yúbóòtì àtijọ́ bó bá ṣì dára, tàbí pé wẹ́dà tó ń jó ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ wá òmíràn. Bó bá fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ láìsí sítáǹdì, ẹ kọ́kọ́ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ ní kó kó pátì àtijọ́ fún yín, kẹ́ ẹ wo ibi tó ti kán.

Ní ti owó, iye pátì kan náà ni lọ́nà méjèèjì, owó iṣẹ́ ló yàtọ̀. Ẹ gbé owó iṣẹ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó jáàkì méjì tó lè gbé 20 tọ́ọ̀nù, sítáǹdì mẹ́rin àti sípánà tọ́ọ̀kì tó lè dé 750 Nm. Ẹni tó ní ọkọ̀ kan kò lè rí owó yẹn padà. Ẹni tó ní márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba mẹkáníìkì tirẹ̀ sí yáàdì, kó sì ra àwọn irinṣẹ́ náà fún un.

Bó bá kán lójú ọ̀nà

Bó bá jẹ́ sípíríǹgì ákísùlù iwájú ló kán, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ rìn mọ́, kódà ìwọ̀n mítà mẹ́wàá. Ẹ fi àmì ewu sẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bí 100 mítà lórí ọ̀nà ńlá, kẹ́ ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀. Bó bá jẹ́ ti tírélà, ẹ kó ẹrù kúrò kẹ́ ẹ tó gbé jáàkì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá a níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó jẹ́ yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ kò gba jáàkì. Pákó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, tó fẹ̀ ju ìdí jáàkì lọ dáadáa, ni kó wà lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún wo nọ́ọ̀tì táyà tí wọ́n tú lẹ́yìn 50 kìlómítà. Yúbóòtì tuntun náà á jókòó lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ tó gbé ẹrù, nítorí náà ẹ tún un fún nígbà yẹn, kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò ní nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe ìyẹn. Bó bá tún dẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ìjókòó sípíríǹgì ló ti jẹ tàbí ewé ni kò dọ́gba. Ẹ má fún un mọ́, ẹ dá ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ ọ̀gá.